Kókó Ilé Lára Okùn Ìgbòkun

Orí àpáta ni ọkọ mi ti kọ́ bí a ṣe ń sọ ìgbòkun kalẹ̀ láì dìde níbi tí a jókòó sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo Ìdáàṣà ti bá yín rín ín tán. Ẹ̀yìn ilé wa ni àpáta ọ̀hún wà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ ni a ti ń sá èlùbọ́ àti ẹ̀pà, kò sì sí omi kankan nítòsí ibẹ̀ ju èyí tí mo bá pọn wá láti ìsàlẹ̀ òkè. Àmọ́ ibẹ̀ ni ọkọ mi gbé ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kalẹ̀ sí, ọkọ̀ tí kò lè léfòó láéláé, nítorí ẹfun ló fi yà á.

Ọmọ orí òkè ni, bíi tèmi. Ṣùgbọ́n kí ó tó fẹ́ mi ló ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí Kùtọ́nu, tí ó ń bá àwọn ará ọ̀sà kó igi ìdáná àti àpò àgbàdo láti èbúté dé èbúté. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ní a ti gba òmìnira, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ará ọ̀sà, jọ ra ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan. Bí iṣu tuntun bá ti jáde ni ó máa ń bọ̀ wálé. Á ru ẹja gbígbẹ wá, á jẹ iyán títí ikùn rẹ̀ á fi yọ, á sì padà sídìí omi rẹ̀. Mo ti mọ́ ọn lára. Ọkọ tí kì í sí nílé kì í bá ènìyàn jà, mo máa ń sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Bí ó ṣe ṣàlàyé ìgbòkun wọn fún mi nìyí. Aṣọ tí wọ́n fi àpò ìyẹ̀fun rán pọ̀ ni. Wọ́n so etí rẹ̀ tòkè mọ́ ọ̀pá kan, okùn kan ló sì ń fa ọ̀pá náà lọ sókè orí òpó. Òpó wà níwájú ọkọ̀, ẹni tó ń tukọ̀ jókòó sẹ́yìn, ìdí òpó sì ni wọ́n ń so okùn náà mọ́. Bí ìjì bá dé, tí ìgbòkun gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kíákíá, àfi kí ènìyàn dìde lẹ́yìn, kí ó gba orí ẹrù kọjá, kí ó dé ìdí òpó kí ó tó tú u. Ìgbà tí ọkọ̀ ń jó gan-an ni wọ́n ń dìde rìn nínú rẹ̀! Mo ní, "Ta ló kọ́ yín ní irú wèrè yìí?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, ó dìde bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sáàárín igi ìdáná, ọ̀pá ìgbòkun sì já lù ú. Wọ́n to eegun náà, kò tò dáadáa. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, orúnkún rẹ̀ òsì kò ká mọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ fà á gun òkè dé ilé, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà pé obìnrin méjì ò lè gbé ọkùnrin kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mo rí omi lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé wa, ẹ mọ̀ pé kò sí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ kan lè rìn sí níbẹ̀. Àpáta lókè, àpáta nísàlẹ̀. Kò lè kọ ebè. Kò lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọjà kí ó tún gòkè padà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á kọjá lọ sóko láàárọ̀, wọn á kí i, òun á sì wà ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àwa obìnrin, á máa bá wa pa ẹ̀pà. Ó ń dín kù lójú mi. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Oúnjẹ wà, aṣọ wà, ọkọ mi sì ń dín kù.

Orí ẹ̀pà náà la wà nígbà tí ó sọ ọ́. Ó ní, "Mo fẹ́ padà sórí omi."

Mo ní, "Omi wo? Ṣé èyí tó ṣẹ́ yín lẹ́sẹ̀?"

"Lórí omi, gbogbo ènìyàn ló ń jókòó. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé arọ ni mí."

"Ta ló pè yín ní arọ? Ẹ dárúkọ rẹ̀ kí n lọ bá a nílé rẹ̀!"

"Ebè iṣu ni," ó wí, ó sì ń pa ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Mi ò lè lọ bá ebè jà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú mo ti rí èsì. Mo ní, bí ẹ bá máa lọ, mo gbọ́dọ̀ fi ojú ara mi rí i kí ìgbòkun yẹn wálẹ̀ tí ìdí yín ò kúrò lórí ìjókòó. Nínú ìjì gidi o, kì í ṣe atẹ́gùn tí a fi ń fẹ́ ẹ̀pà. Mo rò pé mo ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nìyẹn. Níbo ni yóò ti rí ọ̀sà ní Ìdáàṣà?

Àpáta ló rí. Ó fi ẹfun ya ọkọ̀ rẹ̀ sórí rẹ̀ láti imú dé ìdí, nítorí ó mọ gígùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ gígùn ìró mi. Ó gbin òpó sínú pàlàpálá àpáta, ó fi òkúta há a. Ó gbé odó ìyá rẹ̀ tó ti là sí ìdí ọkọ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó jókòó lé e. Ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kùtọ́nu kí ó fi ìgbòkun àti okùn ránṣẹ́ sí òun. Ó ní dandan ni kí okùn wá bá òun níbi tí òun bá jókòó sí, nítorí òun ò lè lọ bá okùn mọ́.

Báyìí ló ṣe é. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ òrùka irin fún òun, ọ̀kan fún orí òpó, ọ̀kan fún ìdí rẹ̀. Okùn tó ń gbé ìgbòkun gòkè á gba inú òrùka òkè, á sọ̀kalẹ̀, á gba inú òrùka ìdí òpó, á wá tọ ilẹ̀ ọkọ̀ bọ̀ lẹ́yìn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń lọ́ ọ mọ́ èèkàn kan. Okùn kejì ni ó so mọ́ ọ̀pá ìgbòkun láti máa fà á wálẹ̀, òun náà sì bọ̀ sọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi osùn kun èkíní kí ó má baà ṣì wọ́n mú nígbà tí ojú bá ń pọ́n ọn. Pupa ń gbé e gòkè, funfun ń fà á wálẹ̀. Bí ó bá ti yọ pupa kúrò lára èèkàn, tí ó fa funfun, ó yẹ kí ìgbòkun wálẹ̀.

Ó yẹ, ṣùgbọ́n kì í wálẹ̀. Òrùka àkọ́kọ́ tóbi jù, okùn á máa jó nínú rẹ̀, á há sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dá a padà fún alágbẹ̀dẹ, ó ní kí ó rọ èyí tó fún, tó jẹ́ pé okùn nìkan ló máa gbà á kọjá, kí nǹkan mìíràn má ráàyè níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn la fi ṣe é. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko á dúró lójú ọ̀nà, wọn á pariwo pé, "Bọn arivé, ẹ káàbọ̀, Kapitẹ́ẹ̀nì! Ẹja dà?" Òun náà á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ní sùúrù kí n gúnlẹ̀ ná!" Ìyá rẹ̀ á gbé ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn wá, wọn á jókòó sínú ọkọ̀ ẹfun náà, wọn á ní kí ọmọ àwọn rọra wà á, kí ó má da àwọn sómi. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rí i pé kò dín kù mọ́. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, àwọn méjèèjì papọ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò ló mú ìjì gidi wá. Ẹni tó bá ń gbé láàárín òkè méjì mọ irú ìjì bẹ́ẹ̀, kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Gbogbo ènìyàn ń sáré kó èlùbọ́ wọlé, ọkọ mi ń fa okùn pupa. Ìgbòkun gòkè, ó wú, òpó ń ké, ewúrẹ́ já okùn sá lọ. Mo dúró síwájú, mo di ìró mi mú, mo ń kígbe pé, "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀! Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí!" Ó yọ pupa. Ó fa funfun. Gbogbo aṣọ náà wálẹ̀ wììì, ó bò mí mọ́lẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí mo yọ orí jáde, ó ṣì wà lórí odó, kò mira, ó ń wò mí bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn.

Ó ní, "O rí i?"

Mo rí i. Ẹnu mi náà ni mo fi sọ pé bí ó bá wálẹ̀, kí ó máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wa kan fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá ń rìnrìn àjò láti ilé wa, àgbà obìnrin ilé ló ń ta kókó ìkẹyìn lára ẹrù rẹ̀. Kókó ilé là ń pè é. Arìnrìn-àjò kì í tú u lọ́nà, kì í tú u ní ìlú onílùú. Bí ohun tó wà nínú ẹrù bá wù ú, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́. Ọjọ́ tó bá padà dé, tó jókòó, tó mu omi, ọjọ́ náà ni òun fúnra rẹ̀ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ẹni tó bá tú kókó ilé sójú ọ̀nà, wọ́n ní ó ti sọ pé òun ò nílé mọ́. Ìyá ọkọ mi kì í pa Máàsì jẹ, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Màríà nínú ihò àpáta. Wọ́n sì ń ta kókó ilé. Ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ tí ọkọ mi fẹ́ lọ, ẹrù rẹ̀ kò ju ìgbòkun àti okùn lọ. Ó ti ká ìgbòkun, ó fi ọ̀já mi dì í, ó fi okùn méjèèjì kọ́ èjìká. Ìyá jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà yẹn. Wọ́n fọwọ́ wá ẹrù náà kiri, wọ́n ní, "Ibo ni n ó ta á sí?" Ọ̀já mi ni mo nà sí wọn. Wọ́n ní rárá, ọ̀já ìyàwó á padà sí ìdí ìyàwó, kì í ṣe òun ni ẹrù. Wọ́n mú okùn pupa, wọ́n ta kókó kékeré kan sí i, wọ́n fi itọ́ tutù pa á, wọ́n ní, "Lọ ire, bọ̀ ire. Ibi tí mo ti ta á ni wàá ti tú u." Ó dọ̀bálẹ̀ tòun ti orúnkún tí kò ká. A ṣe àmín. Gbogbo wa la ṣe é.

Ó ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀kan pé iṣẹ́ ń lọ, pé àwọn ará èbúté ń wá wo bí òun ṣe ń ṣe é, pé àwọn kan ti ń ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Orí mi wú. Mo ń rìn lọ́jà bí ìyàwó ọba.

A kò tíì wa iṣu tuntun tán nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará ọ̀sà dé. Mo rí i tó ń gun òkè bọ̀, mo rí okùn pupa ní èjìká rẹ̀, mo sì rí i pé òun nìkan ló ń bọ̀. Kò tíì kí mi tí mo ti ń ké. Ẹ gbà mí o! Mo ti mọ̀.

Omi ti gbé e. Wọ́n rí òkú rẹ̀, wọ́n sì sin ín sí etí ọ̀sà, nítorí ẹni tí omi bá gbé, etí omi ni wọ́n ń sin ín sí lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí a sọ fún ìyá nìyẹn: omi gbé e, wọ́n sin ín dáadáa, fáda gbàdúrà lé e lórí. Ẹkún gba ilé kan. Ìgbà tó di ọjọ́ kejì, tí àwọn tó wá kí wa fà sẹ́yìn díẹ̀, mo mú ọkùnrin náà lọ sórí àpáta, níbi tí òjò ti ń fọ ẹfun ọkọ̀ náà lọ. Mo ní, "Ẹ sọ fún mi. Mo fi ojú mi rí i tó wálẹ̀. Kí ló dé tí kò wálẹ̀?"

Ó gbé okùn pupa sílẹ̀ láàárín wa. Ó ní, "Ìyàwó wa, kókó yìí ni. Ọjọ́ tó dé ni mo rí i. Mo ní kí ó tú u. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun ló ta á, ilé ni wọ́n ti ń tú u. Mo ní okùn ọkọ̀ kì í ní kókó láàárín. Ó ní òun mọ̀."

Ó mọ̀. Ẹni tó fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn bá òrùka jà kí okùn lè ráàyè kọjá! Ọkùnrin náà ní bí àwọn ṣe ń ṣe é ni pé òun á jókòó síwájú. Bí ìgbòkun bá ń bọ̀ wálẹ̀, tí kókó bá dé ojú òrùka ìdí òpó, òun á dẹ ẹ́, òun á fi àtàǹpàkò rọra tì í kọjá. Kò ni wọ́n lára rárá. Wọ́n tilẹ̀ ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyá ń bá àwọn wọkọ̀. Lọ́jọ́ tí omi gbé e, ibà dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí dùbúlẹ̀, ọkọ mi ní òun á dá lọ. Ó ní ṣebí nítorí àtidá lọ ni òun ṣe ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìjì bá a láàárín ọ̀sà. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn rí i. Wọ́n ní ìgbòkun rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé àárín òpó, ó dúró síbẹ̀, ó kún fún afẹ́fẹ́. Wọ́n ní ó ń fa okùn funfun. Ó jókòó, ó ń fà á, ó ń fà á, ọkọ̀ ń tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i tó dìde.

Ó dìde! Ohun tí gbogbo wa fi ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣiṣẹ́ kí ó má baà ṣẹlẹ̀ mọ́. Ọkọ mi, tí orúnkún rẹ̀ kò ká, dìde, ó ń lọ sí ìdí òpó, ọkọ̀ sì dojú dé.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fọ́ nǹkan. Mo gbé okùn náà, mo ń lọ sínú ilé. Ohun tó wà lẹ́nu mi láti sọ fún ìyá, kí Ọlọ́run dárí jì mí, kò ṣe é kọ síbí. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé okùn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Mo ní òun ni. Wọ́n ní, "Ṣé ó tú u?"

Ohùn wọn ló dá mi dúró. Ọmọ wọn ti kú, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé bóyá ó ti kọ ilé kí ó tó kú.

Mo ní, "Kò tú u, Ìyá."

"Háà," wọ́n wí. "Ọmọ mi dáadáa." Wọ́n na ọwọ́. "Gbé e wá. Ó ti délé. Jẹ́ kí n bá a tú u, ọwọ́ tó yẹ kó tú u kò sí mọ́."

Mo gbé e fún wọn. Wọ́n fi ìka wá kókó náà kàn. Wọ́n gbìyànjú, kò tú. Wọ́n fi eékánná sí i, wọ́n fi eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu wọn sí i. Ó ti di èkùrọ́. Wọ́n wá dúró, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí i kiri, yí i kiri.

Wọ́n ní, "Èmi kọ́ ló ta á le tó báyìí. Kókó ilé kì í le, kí ó lè rọrùn fún un láti tú ni." Wọ́n gbé ojú tí kò ríran mọ́ sókè sí mi. "Ta ló fà á?"

Gbogbo ìbínú mi ti lọ. Àánú ló kù, ó sì wúwo ju ìbínú lọ. Mo ní, "Omi ni, Ìyá. Omi ló mú un le."

"Omi," wọ́n wí. Wọ́n tún fọwọ́ pa kókó náà, wọ́n pa okùn lọ sí apá kan, wọ́n pa á padà. Wọ́n ti jókòó nínú ọkọ̀ ẹfun yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí ọmọ wọn ń sọ fún alágbẹ̀dẹ pé kí òrùka fún. Wọ́n ká okùn náà jọ sórí itan wọn, wọn ò sì bi mí ní nǹkan mọ́, lọ́jọ́ yẹn tàbí lọ́jọ́ mìíràn.

Nígbà tí mo bọ́ ọ̀fọ̀, mo di ẹrù iṣu kan, mo fẹ́ lọ tà á ní Paouignan létí títì. Mo gbé e lọ bá wọn ní ẹnu ọ̀nà bí a ti ń ṣe, mo kúnlẹ̀, mo na etí okùn sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n dì í mú pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e padà sórí ẹrù, wọ́n tẹ́ ẹ, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sùn.

"Máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi," wọ́n wí. "Ṣáà tètè bọ̀."